Ohun Tí Ó Pa Àwọn Ọmọ Ẹlẹ́dẹ̀ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún ti ẹgbẹ́ wa)

 

Ìgbìmọ̀ tí ó ṣètò ìpàdé yìí ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ẹran sísìn, iṣẹ́ tí ó lè mú kí àwọn ọ̀dọ́ wa dúró nílé dípò kí wọ́n máa kó lọ sí Èkó. A gbà fún wọn, ṣùgbọ́n a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí a gba ọ̀nà mìíràn wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó sọ èrè iṣẹ́ kan tí kò sọ àdánù inú rẹ̀, ìdajì òtítọ́ ni ó sọ. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó mọ̀ pé àwa mẹ́ta tí a jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ yìí da owó pọ̀, tí a sì kọ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀ sí ọ̀nà odò. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó sì gbọ́ pé àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ wa kú. Ohun tí ẹ gbọ́ pé ó pa wọ́n kì í ṣe òtítọ́, àwa gan-an ni a sì sọ ọ́ fún yín. Ìdí nìyí tí a fi dìde lónìí.

Kí a tó lọ jìnnà, a tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn ará wa tí ẹ̀sìn wọn kò jẹ́ kí wọ́n bá ẹlẹ́dẹ̀ da nǹkan pọ̀. A kò ní kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́. Ẹni tí ó ń sin ewúrẹ́, àgùntàn tàbí màlúù yóò rí nǹkan mú nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tí ó sì ń tọ́ ọmọ ènìyàn pàápàá yóò rí i mú.

Abo ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́rin tí kò tíì bímọ rí ni a fi bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́ta ni ẹlẹ́dẹ̀ fi ń lóyún, èyí tí í ṣe nǹkan bí ọjọ́ 114, nítorí náà kò pẹ́ tí inú wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Méjì nínú wọn bí láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, ọ̀kan bí mọ́kànlá, èkejì bí mẹ́sàn-án. A pe àwọn ọ̀rẹ́ wá wò wọ́n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ìdí àwọn ọmọ náà ti tutù rinrin. Ìgbẹ́ wọn ti di omi lásán, ó ní àwọ̀ bí omi ẹ̀kọ tí epo kán sí. Àwọn mìíràn ń bì wàrà tí ó ti dì. Wọ́n gun ara wọn lórí ní igun ilé, wọ́n ń gbọ̀n, awọ ara wọn sì hunjọ bí awọ arúgbó. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ keje, nínú ogún ọmọ, mẹ́fà ni ó ṣẹ́kù.

A sáré lọ sí ọjà, a ra kápúsù tetracycline, a tú u sínú omi fún wọn. A pe ẹni tí ń gún ẹran ní abẹ́rẹ́ kiri, ó gún wọn. Àwọn tí a gún kú, àwọn tí a kò gún náà kú. Nígbà tí oògùn kùnà, a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí ó ṣe é. Ọmọkùnrin kan wà tí ń bá wa bọ́ wọn. Ọmọ ìlú yìí ni. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé gbogbo yín ni ẹ mọ̀ ọ́n. Owó iṣẹ́ oṣù méjì rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa nígbà náà, ó sì ti bèèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. A sọ láàárín ara wa pé inú ni ó bí i tí ó fi fi nǹkan sí oúnjẹ ẹran. Láti àárín ara wa, ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí ọjà. A lé e, a kò sì san owó rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò lè gbé ojú sókè láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ó lọ, abo kẹta bí mẹ́wàá. Àìsàn náà tún dé, gẹ́gẹ́ bí ó ti dé ní ìṣáájú. Ọmọ náà kò sì sí níbẹ̀ mọ́ láti fi nǹkan sí oúnjẹ. Ìgbà náà ni ẹnu wa wọhò, tí a sì lọ ṣe ohun tí ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ ṣe: a pe dókítà ẹran.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó bi wá. Ó bi wá pé ọmọ ọjọ́ mélòó ni wọ́n nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru náà bẹ̀rẹ̀. Ó bi wá pé wákàtí mélòó ni ó wà láàárín ìgbà tí a bí wọn àti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ fẹnu kan ọmú. Lẹ́yìn náà ó na ìka sí ohun tí àwọn ọmọ náà sùn lé, ó ní, “Níbo ni ẹ ti rí àwọn àpò yìí?”

A kò lè tètè dáhùn. Àpò oúnjẹ ẹran àtijọ́ ni wọ́n. A rà wọ́n ní owó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ ẹni tí ó ti sin ẹlẹ́dẹ̀ ṣáájú wa, ìgbẹ́ gbígbẹ ṣì wà lára òmíràn, àwa fúnra wa ni a sì fi ọwọ́ ara wa tẹ́ wọn sílẹ̀. Ní ti ọmú, inú agbọ̀n ni a ń kó àwọn ọmọ tuntun sí di òwúrọ̀, kí ìyá wọn má baà dùbúlẹ̀ lé wọn mọ́lẹ̀. Ọmọkùnrin tí a lé yẹn ti bẹ̀ wá pé kí a jẹ́ kí wọ́n mu ọmú ná. A ní kí ni ọmọdé mọ̀.

Dókítà bu ìgbẹ́ wọn lọ sí ilé àyẹ̀wò. Èsì tí ó padà wá ni pé fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní rotavirus ni, pẹ̀lú bakitéríà kan, E. coli, tí ó bá a kẹ́gbẹ́. Ó fi kún un pé òun kò lè búra pé ara àpò ni ó ti wá, nítorí pé ó ṣòro láti rí ibi tí a ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀ tí rotavirus kò sí. Ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ìgbẹ́ láìkú, ẹni tí ó bá sì tẹ́ irú àpò bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọjọ́ kan ti ṣílẹ̀kùn fún un. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Nínú mẹ́wàá náà, ó bá wa gba márùn-ún là.

Láti ìgbà náà ni a ti ń ka ìwé, tí a sì ń bi àwọn tí ó mọ̀ léèrè. Nínú àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń fa àrùn, ìran méjì wà tí ó yẹ kí àgbẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn. Bakitéríà jẹ́ ohun alààyè tí ó ń jẹun tí ó sì ń bí sí i fúnra rẹ̀. Oògùn bíi tetracycline lè pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Fáírọ́ọ̀sì kéré jù ú lọ púpọ̀, kò sì lè bí sí i àfi bí ó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì ohun mìíràn tí ó wà láàyè, tí ó sì sọ ibẹ̀ di ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Tetracycline kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Bí a bá da odindi páálí rẹ̀ sínú omi, owó wa ni a dà nù. Dókítà lè fún wa ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ nítorí bakitéríà tí ó tẹ̀lé e wá, èyíinì yàtọ̀.

Kí ni fáírọ́ọ̀sì náà ń ṣe nínú ọmọ ẹlẹ́dẹ̀? Ẹ fojú inú wo aṣọ ìnura tuntun, èyí tí irun ara rẹ̀ ṣì dúró. Báyìí ni inú ìfun kékeré ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí ara rẹ̀ dá ṣe rí: ọ̀kẹ́ àìmọye ohun tín-ín-tìn-tín bí irun ni ó dúró níbẹ̀, àwọn ni ó sì ń fa omi àti wàrà sínú ẹ̀jẹ̀. Ara irun wọ̀nyí gan-an ni àwọn fáírọ́ọ̀sì tí a ń sọ yìí ń wọ̀. Irun náà á bàjẹ́, á kúrú, á sì rẹ́lẹ̀ títí ìfun yóò fi dàbí aṣọ ìnura tí ó ti gbó. Ọmọ náà ṣì ń mu ọmú, ṣùgbọ́n wàrà kò rí ibi wọ̀ sí ara; ó ń kọjá lọ, ó sì ń fa omi ara tẹ̀lé ara rẹ̀ jáde. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ tí ó ti dàgbà díẹ̀, ọjọ́ mélòó kan péré ni irun náà fi ń hù padà. Ti ọmọ ọjọ́ mẹ́ta máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí méje, òùngbẹ àti òtútù kò sì ní dúró dè é. Ìdí nìyí tí ìyá fi lè ya ìgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ méjì kí ó sì yè, tí gbogbo ọmọ abẹ́ rẹ̀ yóò sì kú.

Rotavirus kì í ṣe èyí tí ó burú jù nínú wọn. Ní ọdún 1946, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, Doyle àti Hutchings, kọ̀wé nípa àrùn kan tí ń ran láti ara ẹlẹ́dẹ̀ kan dé òmíràn, tí ń mú wọn bì tí ó sì ń mú wọn yàgbẹ́. TGE ni wọ́n ń pè é ní ìkékúrú. Bí ó bá wọ agbo tí kò rí i rí, ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí yóò yè. Ní 1971, ohun tí ó jọ ọ́ yọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1978 ni Pensaert àti de Bouck ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì mìíràn ni. PED ni a mọ̀ ọ́n sí lónìí. Ìdílé kòrónà ni méjèèjì. Kí àyà má ṣe já ẹnikẹ́ni: ìdílé ńlá ni, kòrónà tí ó sé wa mọ́lé ní 2020 sì jẹ́ mọ̀lẹ́bí wọn tí ó jìnnà, ṣùgbọ́n TGE àti PED kì í mú ènìyàn.

Ti rotavirus yàtọ̀ díẹ̀. Ní 1973 ni Ruth Bishop àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i nínú ìfun àwọn ọmọ ọwọ́ ní ìlú Melbourne ní Ọsirélíà. Nínú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó rí roboto bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ni ó sì ti gba orúkọ rẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni “rota” ní èdè Látìn. Irú tí ń mú ọmọ ènìyàn àti irú tí ń mú ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe nínú ìfun. Ẹ̀yin abiyamọ, láti 2022 ni ìjọba Nàìjíríà ti fi àjẹsára rẹ̀, èyí tí a ń kán sí ọmọ lẹ́nu, kún àwọn àjẹsára ọmọdé. Ẹ má ṣe fi du ọmọ yín.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni a fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, nítorí pé ó bá ọ̀rọ̀ àpò wa mu. PED ti wà ní Yúróòpù àti Éṣíà fún ìgbà pípẹ́. Ní ìparí 2010, irú rẹ̀ kan tí ó le bẹ́ sílẹ̀ ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà, ó sì pa ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí ó ju 1,000,000 lọ. Kò tíì dé Amẹ́ríkà nígbà náà. Ní ìgbà ìrúwé 2013, ó dé. Láàárín nǹkan bí ọdún kan péré, ó ti tàn dé ìpínlẹ̀ tí ó ju 25 lọ, ó sì ti pa ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí a ṣírò sí nǹkan bí 7,000,000. Ẹ rò ó wò: ilẹ̀ tí dókítà ẹran pọ̀ sí, tí ilé ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀kùn irin àti iná tí kì í kú!

Báwo ni ó ṣe wọlé? Ẹ̀ka ìjọba ibẹ̀ tí ó ń rí sí ọ̀ràn àgbẹ̀ wádìí rẹ̀. Ní 2015 wọ́n sọ pé nínú gbogbo ọ̀nà tí àwọn yẹ̀ wò, èyí tí ó ṣeé ṣe jùlọ ni àwọn àpò ńláńlá tí a fi ń kó èròjà oúnjẹ ẹran láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, tí a sì ń lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àpò! Nígbà tí a ka ibẹ̀, àwa mẹ́ta wo ojú ara wa. Lẹ́yìn tí ó wọlé tán, ọkọ̀ akẹ́rù wà lára ohun tí ó gùn káàkiri. Wọ́n rí i pé ọkọ̀ tí kò ní àrùn lára nígbà tí ó kó ẹlẹ́dẹ̀ dé ilé ìpẹran lè kó o níbẹ̀, kí ó sì gbé e padà lọ sí oko.

Òmíràn ṣì ń yọ. Láti ìparí 2016 sí 2017, ní ìpínlẹ̀ Guangdong ní Ṣáínà, fáírọ́ọ̀sì kan tí ó ti ara àdán wá pa ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ 24,693 ní oko mẹ́rin. Ẹni tí àdán ń sùn sí àjà ilé ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀, kí ó tètè ra nẹ́ẹ̀tì.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tí ó wọ Nàìjíríà ní 1997, tí ó sì tún pa ẹran àwọn àgbẹ̀ Èkó àti Ògùn ní ìpa tó ń bani nínú jẹ́ ní 2020. Ìyẹn ń pa ńlá, ó ń pa kékeré. Bí àwọn abo àti akọ ńlá bá ń ṣubú, ẹ má jókòó máa ronú lórí ọmú àti àpò. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ìjọba ni kí ẹ sáré lọ ní ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ọmú ni ó dùn wá jù. Ọmọ ènìyàn ti ń gba ohun ìjà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ láti inú oyún. Ti ẹlẹ́dẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: ibi ọmọ rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ohun ìjà ara ìyá kò fi lè kọjá sọ́dọ̀ ọmọ. Ọwọ́ òfo ni ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ń gbé wá sáyé. Gbogbo ohun tí ìyá ní fún un wà nínú wàrà àkọ́kọ́, èyí tí ó ki tí ó sì pọ́n díẹ̀. Ìfun ọmọ náà ṣílẹ̀kùn fún un ní àwọn wákàtí àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn náà sì ń tì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi di wákàtí 24 sí 36, ó ti tì pa. Wàrà tí ó tẹ̀lé e ṣì wúlò, nítorí pé ó ń dáàbò bo ara ìfun níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá ń mu ún lójoojúmọ́. Àwọn abo tiwa sì ń bí àkọ́bí, irú wọn kì í ní ohun ìjà tó èyí tí ó ti bí rí, nítorí náà díẹ̀ tí wọ́n ní kò yẹ kí ó ṣòfò. Àwọn ọmọ wọn lo òru àkọ́kọ́ nínú agbọ̀n.

Ohun tí a yí padà kò pọ̀, kò sì wọ́n. A sun àwọn àpò náà. Kí abo tó wọ yàrá ìbímọ, a ó kọ́kọ́ gbọ̀n ìgbẹ́ kúrò, a ó fi ọṣẹ fọ ilẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó da oògùn apakòkòrò sí i, nítorí pé oògùn tí a dà sórí ìgbẹ́ kò dé ibi tí fáírọ́ọ̀sì wà. A ó sì jẹ́ kí ilẹ̀ náà gbẹ. A ń fọ ọmú abo náà. Ẹni kan ń dúró tì í ní òru tí yóò bí, kí ó lè gbé ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ìdí ọmú bí ó ti ń bọ́ sílẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó kéré jù. Òtútù ni ó ṣòro jù. Ọmọ náà fẹ́ ooru tí ó tó ìwọ̀n 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ni ìyá kò fẹ́ ooru tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà a kan àpótí sí ẹ̀gbẹ́ kan fún àwọn ọmọ, a sì fi gílóòbù sí i. Iná mànàmáná ìlú wa, gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n. Koríko gbígbẹ tí ó pọ̀ ni a fi ń ràn án lọ́wọ́. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá sì bẹ̀rẹ̀, omi iyọ̀ òun ṣúgà irú èyí tí àwọn abiyamọ mọ̀ ni a ń gbé síwájú wọn nínú àwo pẹrẹsẹ, a kò sì gba ọmú lẹ́nu wọn.

Dókítà sọ fún wa nípa ohun kan tí àwọn àgbẹ̀ ńlá òkè òkun ń ṣe nígbà tí PED bá wọlé: wọ́n ń fi ìgbẹ́ tàbí ìfun àwọn ọmọ tí ó ṣàìsàn bọ́ àwọn abo aboyún, kí ara wọn lè pèsè ohun ìjà sínú ọmú kí wọ́n tó bí. Ó yà wá lẹ́nu, ó sì kó wa nírìíra díẹ̀. Ó kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe é láìsí dókítà, nítorí pé àrùn mìíràn lè gba ibẹ̀ wọ gbogbo agbo.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti níbòmíràn, inú wa dùn sí lẹ́tà tí ẹ kọ pé ẹ fẹ́ ràn wá lọ́wọ́. Bàtà oko tí ẹnikẹ́ni ti wọ̀ rí, ẹ má ṣe fi ránṣẹ́. Àpò, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ tàbí àtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí kò ní ìwé ẹ̀rí dókítà ẹran ìjọba, ẹ má ṣe gba ọ̀nà ẹ̀yìn mú un wọlé, bí ó ti wù kí ó sanra tó. Bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́, ẹ fi owó ránṣẹ́, kí a fi rẹ́ ilẹ̀ yàrá ìbímọ.

Nípa ti ọmọkùnrin náà, a lọ sí ilé ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a sì dọ̀bálẹ̀. A san owó oṣù méjì náà, a sì fi ti oṣù kan lé e. Ìyá náà gbà á. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ọjà ni a ti sọ èyí tí a kọ́kọ́ sọ, kí a lọ sọ èyí náà ní ọjà. A kò mọ ọjà tí ó tóbi ju ìpàdé yìí lọ. Nítorí náà ni a ṣe bẹ Alága kí ó jẹ́ kí a sọ ọ́ níbí, kí a sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́, kí àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi lè kà á. Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Kò fi nǹkan kan sí oúnjẹ. Ó wà ní Ìbàdàn báyìí, níbi tí ó ti ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, kò sì ní padà sọ́dọ̀ wa. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ti tó òun.

Abo kẹrin yóò bí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ wá wò ó, kí ó wá, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni yóò ti bọ́ bàtà rẹ̀. Bàtà rọ́bà mẹ́rin wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ àti omi.